Òjò Ò Bá Ẹnì Kan Ṣọ̀rẹ́: Ilé Títúnṣe àti Eré Òpin Ọ̀sẹ̀ ní Àsìkò Òjò Àkọ́rọ̀

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi àyájọ́ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwa ti ṣe mẹ́wàá, a ò sì tíì jà débi tí a ó fi pín àga ẹgbẹ́. Èyí tó kù, Ọlọ́run yóò bá wa ṣe é.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ owó ni n óò sọ, torí pé báńkì ni mo ti ń jẹun. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ ká fi owó sílẹ̀ fún Akápò. Ọ̀rọ̀ òrùlé, bọ́ọ̀lù àti òjò ni mo mú wá. Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ń ti Èkó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde lópin ọ̀sẹ̀, tó ní ilé tó ń tún ṣe, tó sì tún fẹ́ bá ọ̀rẹ́ ṣeré, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò yé e.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Lọ́dún 2025, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta títí dé òpin oṣù karùn-ún, Sátidé 14 ló wà níbẹ̀. Mo mú kàlẹ́ńdà, mo fi bírò pupa fa ìlà sí àwọn tó ti ní olówó. Ìsìnkú mẹ́ta, ìgbéyàwó mẹ́rin. Ó ku méje. Òjò gba mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Ó ku mẹ́rin. Sátidé mẹ́rin yẹn ni mo fẹ́ fi kun fẹ́ǹsì, fi to ìńtálọ́ọ̀kì sí iwájú ilé, fi tún òrùlé ilé bàbá mi ṣe, kí n sì tún máa gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú yín láàárọ̀. Bí oníbàárà bá gbé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ wá síwájú mi ní báńkì, n kò ní yá a ní kọ́bọ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ò dà bí òjò oṣù keje. Ti oṣù keje, bó bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, o ti mọ̀ pé ó di alẹ́; oníkálùkù á wá nǹkan ṣe nínú ilé. Òjò àkọ́rọ̀ máa ń tan èèyàn jẹ. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìparí oṣù kejì kí a rò pé ó ti dé, kí ilẹ̀ tún gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oòrùn á mú láàárọ̀ débi pé káfíńtà á bọ́ ẹ̀wù. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìlà oòrùn á ṣú dúdú, ìjì á ṣáájú, eruku á bo ojú, òjò á sì tẹ̀ lé e. Láti ìhà ìlà oòrùn ni irú ìjì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ti wọlé bá wa. Ohun tó ń ká òrùlé ni ìjì yẹn; omi kàn ń wá parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni.

Ohun kan tún wà tó ń kó wa sí wàhálà níbí. Iléyá ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 sún ṣáájú lọ́dọọdún, Ojúde Ọba sì ń tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń sáré kun ilé nínú oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, nígbà tí òjò ò tíì mọ ibi tó fẹ́ dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Lọ́jọ́ ọdún tuntun, Màámi sọ fún mi. Wọ́n ní, “Àjàní, páánù ẹ̀yìn ilé yìí máa ń dún lálẹ́ tí atẹ́gùn bá fẹ́. Wá bá mi wò ó.” Mo ní, “Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀, kò ní kọjá oṣù tó ń bọ̀.” Oṣù tó ń bọ̀ dé, ó lọ. Nígbà tí mo máa pe oníṣẹ́, apènta ni mo pè, fẹ́ǹsì tèmi ni mo sì ní kó kùn. Kí nìdí? Àlejò Ojúde Ọba ò ní rí ẹ̀yìn ilé bàbá mi. Iwájú ilé tèmi ni wọ́n máa rí. Ọ̀dà náà ò tíì pé wákàtí méjì lára ògiri tí òjò fi dé. Ó ṣàn wọ gọ́tà bí omi ẹ̀kọ. Mo tún ra òmíràn.

Ó wá di Sátidé kan nínú oṣù kẹrin. Mo ti bá káfíńtà ṣe àdéhùn aago mẹ́wàá àárọ̀ nílé Màámi. Aago méje la bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù. Ẹ ò ní gbàgbé ọjọ́ yẹn, àwọn àbúrò wa tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta kéré sí wa la bá gbá. Ó parí sí ọ̀mì. A ní a ò gbà, a tún gbá ẹlẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbé ata ẹran ewúrẹ́ dé. Káfíńtà pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní kó máa lọ, kó padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Oòrùn ń ràn yòò. Ta ló ń ronú òjò?

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ìjì dé. Páánù mẹ́fà ló ká kúrò lórí ilé bàbá mi. Nígbà tí mo fi débẹ̀, omi ti kún yàrá. Àpótí aṣọ Màámi, tí aṣọ òkè ìgbéyàwó wọn wà nínú rẹ̀, ti rin gbindin. Màámi fẹ́ sáré yọ fọ́tò bàbá mi kúrò lára ògiri, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì yọ̀, wọ́n ṣubú, ọrùn ọwọ́ òsì wọn sì kán.

Wọn ò bú mi. Nígbà tí a ti ilé ìwòsàn dé, tí wọ́n ti di ọwọ́ náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Àjàní, ṣé ẹ tiẹ̀ nà wọ́n nínú bọ́ọ̀lù yẹn?” Ẹ̀yin èèyàn mi, ó sàn kí wọ́n gbá mi létí. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Èmi fi páánù tó ń mì sílẹ̀, mo lọ jẹ ẹran ewúrẹ́.

N ò gbọdọ̀ gbàgbé èyí: ẹnì kan ni mo pè lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ ẹgbẹ́ yìí mẹ́rin ló dé, pẹ̀lú tapólì, okùn àti àkàbà. A ò sùn títí òrùlé fi bò.

Ẹ má rò pé mo gbọ́n lọ́jọ́ kejì. Àṣìṣe mìíràn ni mo tún ṣe. Mo kó bàtà bọ́ọ̀lù mi fún ọmọ àbúrò mi, mo ní eré ti tán. Gbogbo Sátidé di ti bíríkìlà, gbogbo Sunday di ti pọ́ḿbà. Ìjókòó ayò ti ìrọ̀lẹ́ Sunday, n ò yọjú mọ́. Laàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, mo ti bá ìyá àwọn ọmọ mi jà lórí àwọ̀ táìlì, mo ti lé oníṣẹ́ méjì, n kì í sì í sùn dáadáa. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní 160 lórí 100. Ó bi mí bóyá ẹnì kan ń lé mi ni.

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ yìí ló pè mí jókòó. Wọ́n ní, “Ilé tí ò ń tún ṣe yìí, ta ni yóò gbé inú rẹ̀? Nígbà tí bàbá rẹ kọ́ tiẹ̀, ọ̀wẹ̀ ló bẹ̀. A ṣiṣẹ́, a jẹ, a mu, a ta ayò nírọ̀lẹ́. Ta ló ní kí iṣẹ́ àti eré máa bá ara wọn jà?” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi tún kàlẹ́ńdà mi tò. Ohun tí mo ń ṣe báyìí nìyí.

Àkọ́kọ́, mo pín iṣẹ́ ilé sí mẹ́ta. Iṣẹ́ tí ìjì àti òjò lè bà jẹ́ ni òrùlé, gọ́tà, ìpìlẹ̀ àti ògiri ọgbà. Nígbà ọyẹ́ ni à ń ṣe é, kó parí kí oṣù kejì tó parí. Iṣẹ́ abẹ́ òrùlé ni táìlì, àjà, ilẹ̀kùn àti iná. Mo máa ń tọ́jú ìyẹn de ọjọ́ tí òjò bá lé wa wọlé. Iṣẹ́ ẹwà ni kíkùn ìta, òun ló sì gbẹ̀yìn. Ọ̀dà tí a bá fi sára ògiri tútù yóò bó. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ògiri, ẹ fún un ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó gbẹ. Ojúde Ọba yóò dùn, bí fẹ́ǹsì yín ò tiẹ̀ tíì kùn.

Ìkejì, ẹ gun òrùlé wò, tàbí kí ẹ rán ẹni tó mọ̀ ọ́n. Lórí páánù oníkọ́rọ́kọ́rọ́, orí ibi tó yọ sókè ni ìṣó ń gbà wọlé, kì í ṣe kòtò tí omi ń gbà ṣàn. Kí rọ́bà rẹ̀ sì wà lábẹ́ orí ìṣó. Ẹ yẹ igi abẹ́ páánù wò bóyá ikán ti jẹ ẹ́. Ẹ gé ẹ̀ka igi tó bá nà sórí ilé. Ẹ kó ewé kúrò nínú gọ́tà. Ẹni tó bá rántí Ògùnpa ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, mọ ohun tí omi ń ṣe bí kò bá rí ọ̀nà lọ.

Ìkẹta, ẹ má ra sìmẹ́ńtì jọ ju èyí tí ẹ máa lò lọ. Àpò 50 kílò kan tó bá ti fa omi, òkúta ni. Orí pákó ni kí ẹ tò ó sí, kó má kan ilẹ̀, kó má kan ògiri. Ẹ ní náílọ̀n nílẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá ń da kankéré. Bí kankéré bá ti wá le, omi di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó kéré tán, ọjọ́ méje ló yẹ kó fi máa tutù, ọjọ́ 28 ni àwọn onímọ̀ sì fi ń wọn agbára rẹ̀.

Ìkẹrin, bí mo bá fún oníṣẹ́ ní ọjọ́, mo ń fún un ní àrọ́pò ọjọ́ náà pẹ̀lú. Mo sì ń ya ìdá kan nínú mẹ́wàá owó iṣẹ́ sọ́tọ̀, mo ń pè é ní owó òjò. Àjọ NiMet máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ẹ máa kà á, ṣùgbọ́n ẹ má fi Sátidé kan ṣoṣo dúró lé e.

Ìkarùn-ún, eré. Àárọ̀ ni ká máa gbá bọ́ọ̀lù, torí ìrọ̀lẹ́ ni ìjì àkọ́rọ̀ fẹ́ràn. Bí a bá gbọ́ ààrá, ká kúrò lórí pápá kíá. Abẹ́ igi máńgòrò kì í ṣe ibi ìsápamọ́. Kí ìṣẹ́jú 30 kọjá lẹ́yìn ààrá tó gbẹ̀yìn kí a tó padà. Bí òjò bá gba gbogbo ọjọ́, ọpọ́n ayò wà nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ohun tí ẹgbẹ́ ṣe lóṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún yìí. A dá àáró sílẹ̀. Sátidé márùn-ún, aago méje sí mẹ́sàn-án, bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wa àti káfíńtà wa, ó di ilé òbí ọmọ ẹgbẹ́ tó kàn. Àwọn tó lè gòkè ń gòkè, àwọn tí ikùn wọn ò jẹ́ kí wọ́n gòkè ń di àkàbà mú. Onílé ń se oúnjẹ. Ilé mẹ́fà la yẹ̀ wò, a sì tún òrùlé mẹ́rin ṣe. Àbá mi lónìí ni pé kí a kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ pé ọdọọdún la ó máa ṣe é, kí ó tó di oṣù kẹta. Òjò ò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Àwa ni a bá ara wa ṣọ̀rẹ́.

Màámi wà níbí lónìí, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìyá ìsàlẹ̀. Ọwọ́ òsì yẹn ni wọ́n fi di abẹ̀bẹ̀ mú. Màámi, n ò dá yín lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Ní Sátidé kejì oṣù kejì ọdún yìí, kí a tó gun òrùlé, a tún bá àwọn àbúrò wa yẹn gbá a. Góòlù méjì sí ọ̀kan. A nà wọ́n.

Orí ilé wa kò ní ká, ilé wa kò ní jò, ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Ká ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé nínú àlàáfíà.