Ìdí Nọ́ńbà Ni Kí Wọ́n Wò

Ohun kan ṣoṣo wà tí àwọn olùkọ́ fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó parí ẹ̀kọ́ assembler mú lọ: kí wọ́n máa wo ìdí nọ́ńbà.

Ní 7 oṣù Kẹrin ọdún 1964 ni IBM kéde System/360. Àwọn àṣẹ PACK, UNPK, CVB àti CVD tó bá a wá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí mainframe òde òní. Ẹni tó bá mọ bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń ka owó ẹyọ kò ní rí iṣẹ́ àwọn àṣẹ yìí bí àjèjì: ẹyọ 40 lórí okùn kan, okùn 50 di ẹgbàá, ẹgbàá 10 di ọ̀kẹ́ kan. Bí wọ́n ṣe dì í ló yàtọ̀, owó kan náà ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni 1234. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, báìtì mẹ́rin ni, ní hexadecimal: F1 F2 F3 F4. PACK á dì í di 01 23 4F, àmì rẹ̀ á sì wà nídìí pátápátá. Bí wọ́n bá dì í sínú báìtì mẹ́jọ, CVB á sọ ọ́ di báínárì nínú rẹ́jísítà.

Àbọ̀ ìrìn àjò náà ló ń fa wàhálà. CVD á fi C sídìí 1234, UNPK á tú u sí F1 F2 F3 C4. Lẹ́tà D ni C4, nítorí náà 123D ni yóò hàn lójú ìwé. Àṣẹ OI pẹ̀lú F0 ló ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá jẹ gbèsè, D4 ló wà nídìí, 123M ni yóò sì jáde. Ẹni tó bá sáré fi OI bò ó láì wo àmì ti sọ ajigbèsè di olówó.

Àlàfo (space) náà léwu. 40 ni báìtì rẹ̀; bó bá wà níparí, PACK á yí i padà sí 04, bẹ́ẹ̀ 4 kì í ṣe àmì. CVB á kọ̀ ọ́, àṣìṣe S0C7 á sì dá iṣẹ́ dúró.

CVB kò sì lè gbé ju 2,147,483,647 lọ. Bí wọ́n bá ń fi kọ́bọ̀ ka owó, kò pé mílíọ̀nù 22 náírà. Àṣẹ CVBG ni kí wọ́n lò fún èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn olùkọ́ ń súre pé kí Ọlọ́run là wọ́n lọ́nà, kí wọ́n rí iṣẹ́ gidi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé àkọsílẹ̀ owó olówó lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n rántí pé àgbàlagbà kan tó ń retí owó ìfẹ̀yìntì lè wà lẹ́yìn báìtì kan ṣoṣo yẹn.