Wíwọn Iye Àká Dátà Ìwádìí Ìṣègùn

Nígbà tí wọ́n dá Protein Data Bank sílẹ̀ ní Brookhaven, ìpínlẹ̀ New York, lọ́dún 1971, purotéènì méje péré ni wọ́n kó ìrísí wọn síbẹ̀. Nígbà tí ọdún 2023 fi wọlé, iye wọn ti tó 200,000. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ń sọ ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan dúró sí. Inú fáìlì 6LU7, tó jáde ní oṣù kejì ọdún 2020, ni àwọn tó ń wá oògùn kòrónà ti rí ihò tí oògùn lè wọ̀ sí lára purotéènì kan tí kòkòrò náà kò lè ṣe aláìní. Wọn kò san kọ́bọ̀. Ohun tí a kì í tà kò sì ní iye lọ́jà. Ìṣòro wíwọn irú àká bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Kíka iye ìgbà tí wọ́n gba fáìlì ló rọrùn jù, òun náà ló sì ń tan ni jẹ jù. Kọ̀ǹpútà lè máa gba fáìlì fúnra rẹ̀ tọ̀sán-tòru kí ojú ẹnikẹ́ni má kàn án.

Àwọn mìíràn ń ṣírò iye tí yóò náni láti tún dátà náà ṣe. Bí ìrísí kan bá ń gba nǹkan bí 100,000 dọ́là, bí wọ́n ṣe máa ń ṣírò rẹ̀, 200,000 yóò jẹ́ 20 bílíọ̀nù dọ́là. Owó ńlá ni, àmọ́ ìnáwó ló ń sọ, kì í ṣe èrè: ìrísí tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni lè náni tó èyí tó di oògùn.

Ní 2016, àwọn olùwádìí Neil Beagrie àti John Houghton yẹ EMBL-EBI, àká dátà ìmọ̀ ohun alààyè, wò ní Hinxton, lẹ́bàá Cambridge. Wọ́n bi àwọn tó ń lò ó léèrè àkókò tí ó ń bá wọn dín kù àti iye tí wọn ìbá san. Nígbà náà, àká náà ń ná 47 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ́dún; iṣẹ́ tó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ tó bílíọ̀nù kan sí márùn-ún. Àlàfo àárín ọ̀kan sí márùn-ún yìí kò tini lójú. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà kan ṣoṣo wá ló yẹ ká fura sí.

Títọpasẹ̀ ìlò ló ń fi nǹkan hàn jù. Nínú oògùn tuntun 210 tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí láàárín 2010 sí 2016, nǹkan bí 88% ló ní ìrísí tó bá iṣẹ́ wọn tan nínú Protein Data Bank. Ó lé ní ìdajì àwọn ìrísí náà tó ti wà níbẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ kí oògùn tó jáde. Ètò owó ọlọ́dún márùn-ún kò lè rí irú èrè bẹ́ẹ̀. Àká yìí kan náà ni AlphaFold, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìrísí purotéènì, fi kọ́ṣẹ́, tí iṣẹ́ náà sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2024.

Ẹni tó ń kó dátà wọlé ni ìṣirò sábà máa ń fò. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ACEGID, ibùdó ìwádìí jínóòmù ní Redeemer's University, Ẹdẹ, ka jínóòmù kòrónà àkọ́kọ́ láti Áfíríkà, wọ́n sì gbé e sórí GISAID, àká dátà jínóòmù kòkòrò àrùn, fún gbogbo ayé. Owó kẹ́míkà, owó díẹ́sẹ̀lì àti oorun tí irú yàrá ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń pàdánù kì í sí nínú ìwé ìnáwó àká.