Orí Fífọ́ Aboyún àti Oòrùn Táíwò Road

 

Nígbà tí àwọn tó pè mí gbọ́ pé ojú ọjọ́ àti ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni mo ń bọ̀ wá sọ, ẹnì kan nínú wọn ní, "Ìyẹn ò le, ooru ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn ru." Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe gbà á nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ló sún mọ́ òótọ́. Bí ara bá gbóná, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí awọ á fẹ̀ kí ooru lè ráyè jáde, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan, èyí tí gbogbo wa ń pè ní BP, á sì lọ sílẹ̀. Bí òtútù bá mú, àwọn iṣan yẹn á sún kì, BP á gòkè. Àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbé e jáde láti ọdún 1982 pé BP àwọn tí wọ́n ń tọ́jú ga nígbà òtútù ju ìgbà ooru lọ. Ẹ wọn BP obìnrin kan níbí ní Ìlọrin ní agogo méjì ọ̀sán oṣù kẹta, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kùtù nínú ọyẹ́ oṣù kìíní: kò ní yà mí lẹ́nu bí ti ọyẹ́ bá ga jù.

Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún kọjá ọ̀rọ̀ iṣan abẹ́ awọ. Ibi ọmọ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ibi ọmọ máa ń rinlẹ̀ sínú ilé ọmọ, á sì fẹ àwọn iṣan tóóró tó bá níbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn dé ọ̀dọ̀ ọlẹ̀. Lára àwọn obìnrin kan, iṣẹ́ yìí kì í parí. Ibi ọmọ ò ní rí ẹ̀jẹ̀ tó, á wá máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, tí yóò máa ba iṣan jẹ́ káàkiri ara: nínú kíndìnrín, nínú ẹ̀dọ̀, nínú ọpọlọ. Kì í sábà hàn títí oyún yóò fi kọjá ogún ọ̀sẹ̀. Ìgbà náà ni BP á kan 140 lórí 90, tí àyẹ̀wò ìtọ̀ á fi purotéènì hàn. Bó bá burú jù, gìrì á dé. Nínú gbogbo ikú aboyún àti abiyamọ lágbàáyé, ó lé ní ọ̀kan nínú mẹ́wàá tó ti ọwọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru wá, Nàìjíríà nìkan ló sì ń ru ju ìdámẹ́rin gbogbo ikú aboyún àti abiyamọ lágbàáyé lọ nínú ìṣirò àjọ WHO fún ọdún 2023.

Ṣé ojú ọjọ́ lọ́wọ́ sí i? Ní 1981, olùwádìí kan, Agobe, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti Èkó. Wọ́n gbé iye àwọn tí gìrì aboyún mú lóṣooṣù sí ẹ̀gbẹ́ àkọsílẹ̀ òjò àti ooru, wọ́n sì rí i pé inú oṣù òjò, tí ojú ọjọ́ tutù, ni gìrì ti ń pọ̀. Ìwádìí ọdún 2007 láti Mumbai ní Íńdíà rí ohun tó jọ ọ́. Ní Norway, nínú ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní 2001, àwọn tó bímọ ní oṣù kejìlá, nínú òtútù, ni àìsàn náà mú jù. Àwọn ti oṣù kẹjọ ló mú kéré jù. Ibi mẹ́ta tí oúnjẹ wọn, ilé wọn àti oòrùn wọn ò jọra rárá.

Síbẹ̀ èmi ò gbà pé òtútù nìkan ló ṣe é. Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ti sábà ń ka irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì dé ibẹ̀ lákòókò òjò lè jẹ́ ẹni tí ọ̀nà tó bàjẹ́ ti dá dúró sílé títí gìrì fi mú un. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà ńbẹ̀: oṣù mẹ́sàn-án ni oyún. Ẹni tó bímọ nínú òjò oṣù kẹjọ, oṣù kọkànlá ló lóyún, nígbà tí ọyẹ́ ń yọjú bọ̀. Ẹni tó bímọ nínú ọyẹ́ oṣù kìíní, oṣù kẹrin ló lóyún, nígbà tí ọ̀sán Ìlọrin ṣì ń sún mọ́ 35°C. Ìbẹ̀rẹ̀ oyún kúkú ni ibi ọmọ ń ṣe iṣẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣé òtútù ọjọ́ ìkúnlẹ̀ la fẹ́ bá wí ni, àbí ojú ọjọ́ ìgbà tí oyún dúró? Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí, èsì ibì kan kò sì bá ti ibòmíràn mu.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sójú títì Táíwò Road níbí wàyí. Ẹ wo obìnrin olóyún oṣù mẹ́jọ tó jókòó sábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, níwájú ìsọ̀ àwọn tó ń ta fóònù. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń fẹ́ ooru sí i lẹ́sẹ̀. Sílípáàsì rẹ̀ ò gbà á mọ́, ti ọkọ rẹ̀ ló wọ̀ jáde. Orí ti ń fọ́ ọ láti àná. Ó gbé píọ̀ wọ́tà tútù lé iwájú orí, ó ní kí ọmọ sáré ra Panadol wá ní kẹ́míìsì. Bó bá jẹ́ ìgbà Ramadan, tó bọ́ sínú oṣù kẹta gan-an ní 2025, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló máa ní òùngbẹ ni. Bí kì í bá ṣe ààwẹ̀, wọ́n á ní oòrùn ni. (Ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ gba aboyún láyè láti sún ààwẹ̀ síwájú bí ó bá ń bẹ̀rù ìlera ara rẹ̀ tàbí ti ọmọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dójú ti ẹni tó bá mu omi.)

Ó sì lè jẹ́ oòrùn lóòótọ́. Ooru a máa mú kí ẹsẹ̀ aboyún wú, òùngbẹ a máa mú kí orí fọ́. Ṣùgbọ́n orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ojú àti ọwọ́ tó wú, ìrora lábẹ́ ìhà ọ̀tún, àmì ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni gbogbo wọn. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyí: ibi tí ooru Ìlọrin ti ń ṣe wá jù ni pé ó ń bá àìsàn yìí bojú, a sì ń ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹnu wa.

Ẹ̀rọ ló lè tú u fó. Àwọn kẹ́míìsì kan ń wọn BP, àmọ́ wíwọ̀n náà ní bó ṣe ń lọ. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá láti Ọjà-Ọba nínú oòrùn, kí ó kọ́kọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ó tọ̀ bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, kí ó fẹ̀yìn ti àga, kí ó má sọ̀rọ̀, kí apá rẹ̀ wà ní ọ̀gangan ọkàn, kí wọ́n má sì wé ọ̀já ẹ̀rọ náà lé aṣọ. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n. Nínú oyún tó ń lọ dáadáa, BP máa ń wálẹ̀ díẹ̀ ní agbedeméjì kó tó tún gòkè, nítorí náà ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ní oṣù kẹjọ oyún ò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Láti 2016 ni WHO ti ní kí aboyún fojú kan elétò ìlera nígbà mẹ́jọ, ó kéré tán, kó tó bímọ.

Ìtọ́jú wà. Ìwádìí Magpie, tó kó obìnrin bí 10,000 jọ ní orílẹ̀-èdè 33, tí Nàìjíríà wà nínú wọn, fi hàn ní 2002 pé abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ń dín ewu gìrì kù ní ìdajì, abẹ́rẹ́ náà ò sì wọ́n. Aspirin kékeré tí dókítà bá fún ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀, kí oyún tó pé ogún ọ̀sẹ̀, ń ṣèrànwọ́ pẹ̀lú. Ti dókítà ni mo wí o, kì í ṣe èyí tí ẹ lọ rà fúnra yín.

Ẹ̀yin oníkẹ́míìsì, bí aboyún bá wá ra oògùn orí fífọ́, ẹ wọn BP rẹ̀ kí ẹ tó gba owó. Bó bá tó 140 lórí 90, ilé ìwòsàn lónìí, kì í ṣe ọ̀la. Bó bá tó 160 lórí 110, tàbí tí ojú ń ṣe bàìbàì pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà, gìrì lè mú un lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́ Maruwa, irú èrò bẹ́ẹ̀ kọ́ là ń bá ná owó: ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà ná.