Ọ̀rọ̀ Ọpẹ́ àti Ìgbani-níyànjú ní Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún Ìjọ Wa

Àwọn tí ó ru iyẹ̀pẹ̀, tí ó sì pọn omi tí a fi mọ ilé yìí, ti sùn nínú Olúwa. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni a jogún.

A ti bẹ̀ wá pé kí a sọ̀rọ̀ lórí ìgbàgbọ́ àti ọpẹ́. Ẹrù náà wúwo lọ́rùn wa, nítorí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ ọpẹ́ ní òtítọ́ gbọdọ̀ kọ́kọ́ rántí ọjọ́ tí kò lè dúpẹ́.

Gbogbo wa li a mọ orúkọ Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí a fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọdún 1864. Èyí tí a kì í sábà sọ ni ti ìyá rẹ̀, Àfàlá. Ní ọdún 1821 ni ogun kó ìlú wọn, Òṣoògùn, tí a sì ya ìyá àti ọmọ nípá. A ta ọmọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun, tí ó sì kó wọn lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kàwé, tí ó sì ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1825. Ìyá kò mọ ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n tó tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Ìyá di ọmọ mú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1848 ni a ṣe ìrìbọmi fún un, a sì sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

A ti gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé ogun náà dára, nítorí ó fún wa ní Bíṣọ́ọ̀bù. Àwa kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ibi ni ogun. Àwọn mélòó ni a kó ní ọjọ́ náà tí ìyá wọn kò tún rí mọ́! Ọpẹ́ wa ni pé Ọlọ́run kò fi wá sílẹ̀ lọ́wọ́ ibi.

Ní ilé tiwa, ikú mú ọmọ wa ọkùnrin lọ. Fún oṣù mẹ́jọ, àwa tí a ti ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì níwájú ìjọ kò lè ṣí Ìwé Àdúrà. Ọ̀pọ̀ ará wá kí wa, wọ́n ní kí a mú ọkàn le, kí a rántí Jóòbù. Wọn kò ṣe búburú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ, ilé tún dákẹ́.

Opó kan wà nínú ìjọ yìí tí ó ń ta ẹ̀kọ. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí ó bá ti ọjà dé, a ó gbọ́ àgò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Yóò bá ìyàwó wa bó ẹ̀gúsí, yóò sì lọ. Kò fìgbà kan sọ pé kí a wá sí ilé-ìsìn. Àwọn yòókù ti dẹ́kun láti máa fi orúkọ ọmọ náà pè wá, nítorí ìbẹ̀rù ẹkún wa. Òun nìkan ni ó ṣì ń pè wá ní bàbá rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan a fi ìkanra bi í pé, “Màmá, kí ni ẹ ń wá?” Ó ní, “Nígbà tí a sin ọkọ mi, òjò lé gbogbo ènìyàn lọ. Ẹ̀yin ni ẹ dúró tì mí títí òjò fi dá. Ẹ ti gbàgbé. Èmi kò gbàgbé.” Bẹ́ẹ̀ ni, a ti gbàgbé pátápátá.

Nígbà tí a lé àwọn òyìnbó oníwàásù kúrò ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1867, tí a sì fọ́ àwọn ilé-ìsìn, irú àwọn ènìyàn báyìí ni ó di ara wọn mú títí ìjọ kò fi parun. Nígbà tí a ń múra àjọ̀dún yìí, a wá orúkọ opó náà nínú ìwé ìjọ. Owó rẹ̀ pé lọ́dọọdún. A kò kọ ohun mìíràn síbẹ̀.

Orúkọ àwọn tí a kò rí mọ́ láti ọdún tí ó kọjá wà nínú ìwé kan náà. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe kọ ìwé sí wọn nípa owó tí wọ́n jẹ. Ẹ lọ sí ilé wọn, ẹ kágò.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí a padà wá, ìsìn ti bẹ̀rẹ̀, ojú sì ń tì wá lẹ́nu ọ̀nà. Opó náà kò bojú wẹ̀yìn. Ó gbé ìwé orin rẹ̀ kúrò lórí àga, ìwé tí kò lè kà ṣùgbọ́n tí ó ń gbé wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì sún kí a lè rí àyè jókòó.