Ìpìlẹ̀ Ìwé Òfin Nàìjíríà: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Ìjù-Odò

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kùnrin àti lóbìnrin, àwọn àgbà ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìwé òfin ni ìpìlẹ̀ tí orílẹ̀-èdè dúró lé. Òun ni ó ń sọ bí olórí yóò ti dé orí àga, ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe, àti ọ̀nà tí yóò gbà kúrò níbẹ̀. Ìlànà mẹ́rin ni ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ mọ̀ nípa rẹ̀.

Èkíní, ọ̀dọ̀ ará ìlú ni àṣẹ ti wá. Abala 14 ìwé òfin ọdún 1999 fi èyí lélẹ̀, ó sì fi kún un pé ààbò àti ìrọ̀rùn ará ìlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba. Aṣojú ni ẹni tí ó wà lórí àga. Kì í ṣe olówó ẹrú.

Èkejì, òfin ju gbogbo ènìyàn lọ. Abala 1 sọ pé òfin yìí de gbogbo aláṣẹ àti gbogbo ènìyàn káàkiri Nàìjíríà.

Ẹ̀kẹta, agbára kò gbọdọ̀ kó sí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Aṣòfin ń ṣe òfin, aláṣẹ ń mú un ṣẹ, adájọ́ ń túmọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé ẹjọ́ fi lè sọ fún Gómìnà pé ó ṣì í.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀tọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan ní ààbò. Abala 10 kọ̀ fún ìjọba láti sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 38 sì fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn. Lórí irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí láre ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022, pé wọ́n lè lo híjáàbù ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Adájọ́ márùn-ún nínú méje ni ó fara mọ́ ọn. Ẹ má ṣe gbàgbé pé abala kan náà ni ó dáàbò bo Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀.

Ǹjẹ́ àwọn ìlànà wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́, àbí orí ìwé lásán ni wọ́n wà? Ẹ jẹ́ kí Ìpínlẹ̀ Oǹdó dáhùn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1983, nígbà tí wọ́n kéde Akin Omoboriowo pé ó borí Gómìnà Adekunle Ajasin, ìlú dàrú. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná. Nígbà tí ilé ẹjọ́ dá ipò padà fún Ajasin, àwọn tí ó ti kú kò lè jí mọ́. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ológun gba ìjọba, gbogbo rẹ̀ sì di asán.

Ó di ọdún 2007. Olusegun Agagu, ọmọ Ìjù-Odò ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tí ó ti jẹ́ Gómìnà láti ọdún 2003, ni wọ́n kéde pé ó tún wọlé. Olusegun Mimiko kò gbà, ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2008, ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò dá Mimiko láre. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2009, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Benin fọwọ́ sí ìdájọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n búra fún Gómìnà tuntun. Ìwé ìdájọ́ ni ó gba àga náà, kì í ṣe ìbọn. Ìdí nìyí tí ìdìbò Gómìnà Oǹdó kì í fi í bọ́ sí àkókò kan náà pẹ̀lú ti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ títí di òní.

Kò rọrùn fún ìlú láti rí i kí ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìdánwò wà. Nínú Súrátù Nísáì, Ọlọ́hun pa onígbàgbọ́ láṣẹ láti dúró ti òdodo, bí ẹjọ́ náà tilẹ̀ máa bá òun fúnra rẹ̀, òbí rẹ̀ tàbí ẹbí rẹ̀ wí.

Àwọn kan ń sọ pé ìwé òfin tí ọwọ́ ènìyàn kọ kò kan Mùsùlùmí. Kí wọ́n rántí pé nígbà tí Ànábì dé Mẹ̀dínà ní ọdún 622, àdéhùn ni ó fi so àwọn Mùsùlùmí àti àwọn Júù ìlú náà pọ̀, tí ẹ̀tọ́ àti ojúṣe olúkúlùkù wà nínú rẹ̀.

Lóòótọ́, ìwé òfin Nàìjíríà ní àbùkù. Àṣẹ ìjọba ológun Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ni ó gbé e jáde ní ọdún 1999, ará ìlú kò sì dìbò lé e lórí. Ṣùgbọ́n abala 9 fi ọ̀nà àtúnṣe sílẹ̀, bí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 bá fọwọ́ sí i. Ọ̀nà yìí ni àwọn ọ̀dọ́ gbà ní ọdún 2018, tí ọjọ́ orí olùdíje fún ipò Ààrẹ fi wá sílẹ̀ láti 40 sí 35.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé òfin, ẹ kà á. Ẹ gba káàdì ìdìbò. Ẹ má ṣe gba owó jàǹdùkú lọ́wọ́ olóṣèlú kankan. Bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ kó ẹ̀rí jọ, kí ẹ gba ilé ẹjọ́ lọ.

Kí Ọlọ́hun fi òdodo fẹsẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí múlẹ̀. Àmín.