Orín Ata: Ẹ Má Hú Gbòǹgbò Rẹ̀ Tán



Gbogbo wa la mọ orín ata, igi ẹlẹ́gùn-ún tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń ta wá lẹ́nu láàárọ̀. Àwọn baba wa ń lò ó fún eyín ríro àti làkúrègbé. Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayomi Sofowora àti ẹnì kejì rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ wa níhìn-ín kọ ọ́ jáde pé omi gbòǹgbò yìí, nínú ìgò àyẹ̀wò, ń dá ẹ̀jẹ̀ fòníkú-fọ̀ladìde tó ká bíi dòjé padà sí róbótó. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí fi oògùn ọsibítù sílẹ̀ o.

Gbòǹgbò la ń wá. Tá a bá hú u tán, igi kú nìyẹn. Nítorí náà:

1. Ẹ má fọwọ́ kan olórí gbòǹgbò. Ẹ gé ọ̀kan tàbí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ bo ojú ihò.

2. Ẹ jẹ́ kí igi sinmi dáadáa kí ẹ tó gé ti ẹ̀gbẹ́ kejì.

3. Tí èso bá là, ẹ ṣa kóró dúdú rẹ̀, kí ẹ gbìn ín yí oko ká. Ẹ gbin púpọ̀, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń hù.

Àgbẹ̀ tó jẹ iṣu tí kò fi èbù sílẹ̀, kí ni yóò gbìn lámọ́dún?