Kí Ló Wà Nínú Ìpara Ètè?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọge tó ń wo dígí, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi ṣe ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ ètè ni. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí ètè gbẹ tí ó sì ń là, gbogbo wa la máa ń wá ohun tí a ó fi pa á. Ẹnìkan a mú òrí, ẹnìkan a mú àdín, ẹlòmíràn a lọ sí kẹ́mísìtì, a ra èyí tó wà nínú ike kékeré tí wọ́n kọ SPF sí lára. Ǹjẹ́ ọ̀kan náà ni gbogbo wọn? Rárá o. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ètè fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Awọ ètè fẹ́lẹ́, òógùn kì í jáde lára rẹ̀. Àwọ̀ dúdú tí Ẹlẹ́dàá fi dáàbò bo ara wa, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní melanin, kò pọ̀ lórí rẹ̀ bí ó ti pọ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́. Ètè ìsàlẹ̀ sì kọjú sókè, òun ni oòrùn ń pa jù. Níbẹ̀ náà ni jẹjẹrẹ ètè ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a dúdú ní ààbò díẹ̀. Àwọn àfín ńkọ́, tí melanin kò sí lára wọn, tàbí tí ó kéré jọjọ? Ọmọ àfín tó dúró lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ ní aago méjìlá ọ̀sán, ìpara ètè kì í ṣe ọ̀ṣọ́ fún un. Ààbò ara ni.

Oríṣi mẹ́ta ni mo pín àwọn ohun tó ń wà nínú ìpara yìí sí.

Oríṣi kìíní ni àwọn tó ń mú ètè rọ̀: òrí, àdín, òróró àgbọn, ìda oyin, àti Vaseline, èyí tí Robert Chesebrough gba ìwé àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1872, tí a ń rí láti inú epo rọ̀bì. Iṣẹ́ wọn ni láti bo ètè kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ dànù. Wọ́n mọ iṣẹ́ yìí í ṣe, n kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni pa òrí tì. Ṣùgbọ́n ní ti oòrùn, òrí lè dín in kù díẹ̀, kò tó ohun tí a lè gbára lé. Vaseline ní tirẹ̀ kì í dí oòrùn lọ́nà. Ètè tó ń dán kì í ṣe ètè tó ní ààbò.

Oríṣi kejì ni zinc oxide àti titanium dioxide, ìyẹ̀fun funfun tí a fi irin ṣe. Wọ́n ń gba ìtànṣán oòrùn mu, wọ́n sì ń fọ́n apá kan rẹ̀ ká. Zinc oxide ń ká ìtànṣán tó ń jó awọ, tí à ń pè ní UVB, àti UVA tó ń wọ inú awọ lọ jìnnà. Titanium dioxide lágbára sí UVB ju UVA lọ. Àbùkù wọn ni pé wọ́n lè mú kí ètè funfun bí ẹni tó lá ẹfun.

Oríṣi kẹta ni avobenzone, octinoxate, oxybenzone, octocrylene àti irú wọn. Àwọn wọ̀nyí kì í funfun lójú. Wọ́n ń gba ìtànṣán mu, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ooru. Avobenzone mọ UVA í dá dúró, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń ba òun náà jẹ́, àfi bí wọ́n bá fi ohun bí octocrylene tì í lẹ́yìn. Ní ọdún 2019, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà dábàá pé nínú èròjà 16, zinc oxide àti titanium dioxide nìkan ni ẹ̀rí ààbò wọn tó. Wọ́n ní kí a túbọ̀ ṣe ìwádìí lórí àwọn 12, títí kan mẹ́rin tí mo dárúkọ yìí. Ìwádìí ọdún náà fi hàn pé àwọn kan nínú wọn ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí kò sọ pé májèlé ni wọ́n, FDA kò sì ní kí a má lo ìpara oòrùn mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi pa ètè, a ó gbé díẹ̀ mì. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ti ọmọdé, zinc oxide ni èmi yóò kọ́kọ́ wá.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ara ike ni kí a wò kí a tó sanwó. SPF 15 ń dá nǹkan bí 93 dúró nínú 100 ìtànṣán UVB, 30 ń dá 97, 50 ń dá 98. Ẹ rí i pé láti 30 lọ sí 50, ìyàtọ̀ náà kò tó bí orúkọ rẹ̀ ṣe ga tó. Ẹ ra 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì wá ọ̀rọ̀ náà broad spectrum, torí UVB nìkan ni SPF ń wọ̀n. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Bí menthol tàbí káńfọ̀ bá ń ta yín létè, ẹ má sọ pé oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé ó ń bí ètè nínú ni.

Ẹ pa á kí ó nípọn kí ẹ tó jáde, ẹ tún un pa ní wákàtí méjì-méjì, àti lẹ́yìn oúnjẹ tàbí omi, torí ẹ ó ti jẹ ẹ́ lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí ọmọ àfín dúró sínú oòrùn nítorí pé gbogbo kíláàsì ló dúró. Ẹ fún un ní ibòji, ẹ jẹ́ kí ó dé fìlà tó ní etí gbòòrò. Ní Moshi ní Tanzania, wọ́n ń ṣe ìpara oòrùn kan, Kilisun, fún àwọn àfín. Nítorí náà kò kọjá agbára àwa ènìyàn Áfíríkà. Ẹ̀yin òbí, bí egbò kan bá wà létè tí kò jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yálà ti àfín tàbí ti ẹni dúdú, ẹ má fi òrí bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà, torí jẹjẹrẹ tí a tètè rí ni a lè tètè gé kúrò.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ ṣọ́ ètè náà o. Ó dàbọ̀.